Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà bọ́ lọ́wọ́ í-meèlì ìpolówó ọjà tí kò béèrè fún

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe lóde òní ni pé kí wọ́n mú fóònù wọn, kí wọ́n wo ohun tó wọ inú àpótí í-meèlì wọn lóru. Bí lẹ́tà 20 bá wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹyọ kan tàbí méjì péré ló kàn wọ́n gan-an. Ìpolówó ọjà ni ìyókù. Ilé ìtajà tí wọ́n ti ra bàtà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ń sọ pé àwọn ti já owó ọjà wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ní òun ń ta ilẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ẹlòmíràn ní òun fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa di olówó láàárín oṣù kan. Òmíràn sì ń kí wọn kú oríire pé wọ́n ti jẹ tẹ́tẹ́ tí wọn kò ta. Wọ́n á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, òmíràn á ti rọ́pò wọn.

Àwọn kan lè sọ pé kí ni èyí já mọ́, ṣebí ó tó kéèyàn má kà á. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Í-meèlì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń pe ọmọ tó ń wáṣẹ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Òun náà ni yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè fi ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé àwọn ti gbà á wọlé, òun sì ni báǹkì fi ń ta oníbàárà rẹ̀ lólobó pé owó kan ti jáde nínú àkáǹtì rẹ̀. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sáàárín ọgọ́rùn-ún ìpolówó, ojú lè fò ó, ọjọ́ tí wọ́n dá sì lè kọjá kí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí tó mọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àyè tí lẹ́tà wọ̀nyí ń gbà kì í ṣe kékeré. Àyè 15 GB ni Google ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́tà inú Gmail, fọ́tò àti fáìlì tí èèyàn kó pamọ́ síbẹ̀ ló sì jọ ń pín in lò. Lọ́jọ́ tó bá kún, lẹ́tà tuntun kò ní í wọlé mọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ni yóò dá padà sí. Dátà tí èèyàn fi owó rẹ̀ rà náà kò gbẹ́yìn, nítorí àwòrán ńláńlá ló máa ń wà nínú ìpolówó wọ̀nyí.

Ohun tó wá ń mú kí ọ̀rọ̀ náà dà bí èyí tí kò ní oògùn ni pé oògùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò sí i. Àwọn kan ń pa á rẹ́ lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń fi ọwọ́ gbọ́n omi inú ọkọ̀ ojú omi tó lu. Àwọn kan ń fi ìbínú fèsì. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ibikíbi tí wọ́n bá ti rí ọ̀rọ̀ náà "Unsubscribe", tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n yọ orúkọ èèyàn kúrò nínú ìwé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ láìwo ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀, oríṣi èèyàn mẹ́ta ló ń fi lẹ́tà wọ̀nyí ránṣẹ́: oníṣòwò tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ní àdírẹ́sì, àjèjì tó gba àdírẹ́sì lọ́nà ẹ̀bùrú, àti oníjìbìtì tó fi aṣọ oníṣòwò bora. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ohun tó máa lé ẹni àkọ́kọ́ lọ lè jẹ́ ohun tó máa pe ẹni kẹta wọlé. Nítorí náà, kí èèyàn tó tẹ ohunkóhun, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó kan ilẹ̀kùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀

Spam ni gbogbo ayé ń pe irú lẹ́tà tí èèyàn kò béèrè fún yìí. Orúkọ ẹran inú agolo ni tẹ́lẹ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ Hormel ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 1937. Lọ́dún 1970, ẹgbẹ́ aláwàdà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Monty Python ṣe eré kan lórí tẹlifíṣàn, níbi tí tọkọtaya kan ti wọ ilé oúnjẹ, tó sì jẹ́ pé gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ń kà sílẹ̀ fún wọn ló ní Spam nínú. Ìyàwó ní òun kò fẹ́, síbẹ̀ orúkọ ẹran náà kò kúrò lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀ títí tí kò fi sí ẹni tó tún lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Nígbà tí lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kún orí kọ̀ǹpútà, àwọn èèyàn rántí eré yẹn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí.

Ìwà náà ti wà ṣáájú orúkọ. Ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1978, ọ̀gbẹ́ni Gary Thuerk, tó ń bá ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation polówó kọ̀ǹpútà, kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí nǹkan bí 400 èèyàn lórí ARPANET, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí íntánẹ́ẹ̀tì ti jáde wá. Ó ní kí wọ́n wá wo kọ̀ǹpútà tuntun tí ilé-iṣẹ́ òun gbé jáde ní ìpínlẹ̀ California. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bínú gidigidi, àwọn tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì bá a wí.

Èyí tó kan àwọn ọmọ Nàìjíríà jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 1994. Tọkọtaya agbẹjọ́rò kan ní Amẹ́ríkà, Laurence Canter àti Martha Siegel, da ìpolówó kan náà sórí ẹgbẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó ju 5,000 lọ lórí Usenet, tí wọ́n ní àwọn máa gba owó láti bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù físà lọ́tìrì Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀, ohun tí èèyàn lè kọ fúnra rẹ̀ ni. Láti ìgbà náà ni físà lọ́tìrì ti di ọ̀kan lára ìjẹ tí wọ́n fi ń dẹ ẹja lórí í-meèlì títí di òní. Ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mọ ohun méjì: ìjọba Amẹ́ríkà kì í fi í-meèlì sọ fún ẹnikẹ́ni pé orúkọ rẹ̀ jáde, orí ìkànnì ìjọba ni ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù ti ń lọ wò ó fúnra rẹ̀, èkejì ni pé láti orí lọ́tìrì ti ọdún 2015 ni wọ́n ti yọ àwọn tí wọ́n bí sí Nàìjíríà kúrò.

Ohun tó fà á tí wọn kò fi jáwọ́

Ẹni tó ń kiri ọjà láti àdúgbò kan dé òmíràn, ẹsẹ̀ á ro ó, ohùn rẹ̀ á há, ilẹ̀ á sì ṣú bá a. Ẹni tó ń polówó lórí rédíò, yóò sanwó fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àdírẹ́sì í-meèlì mílíọ̀nù kan lọ́wọ́, owó tó máa ná láti kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn kò tó nǹkan. Bí ẹyọ ẹnì kan bá dáhùn nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, èrè ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí ìbínú ẹni tó ń gba lẹ́tà náà kò fi tu irun kan lára ẹni tó ń fi í ránṣẹ́. Ohun tó lè dùn ún ni pé kí àdírẹ́sì má tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, tàbí kí lẹ́tà rẹ̀ má dé ibi tó ń lọ.

Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èkíní nínú ibi tí ògiri ti ń lanu ni fọ́ọ̀mù tí èèyàn ń kọ nígbà tó bá ń ra ọjà tàbí tó ń gba Wi-Fi ọ̀fẹ́ ní ilé ìtura. Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, àpótí kékeré kan máa ń wà tí wọ́n ti bá oníbàárà fi àmì sí ṣáájú, tó ń sọ pé ó gbà kí wọ́n máa kọ̀wé ìpolówó sí òun. Ẹni tí kò bá yọ àmì náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á. Èkejì ni pé kí èèyàn kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí gbangba orí ìkànnì ayélujára. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa kiri orí ìkànnì, kó máa ṣa àdírẹ́sì bí ẹni ṣa èso. Ẹ̀kẹta ni pé kí àwọn olè orí ayélujára já wọ ilé-iṣẹ́ tí èèyàn fi àdírẹ́sì rẹ̀ sí, kí wọ́n kó o lọ tà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá tirẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n ti jí kó, ó lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Have I Been Pwned, tí Troy Hunt, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, dá sílẹ̀ lọ́dún 2013.

Oníṣòwò tí èèyàn fún ní àdírẹ́sì

Oríṣi àkọ́kọ́ ni ilé ìtajà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ilé ẹ̀kọ́ tàbí báǹkì tí èèyàn ti bá da nǹkan pọ̀ rí. Orúkọ wọn kò fara sin, wọ́n ní ọ́fíìsì, èèyàn sì rántí ìgbà tó bá wọn pàdé. Àwọn wọ̀nyí ni "Unsubscribe" wà fún. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, ní lẹ́tà wínníwínní. Nínú Gmail, ó tún máa ń hàn lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Èyí tó wà lókè yìí ló dára jù láti tẹ̀, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà, Gmail fúnra rẹ̀ ló máa bá èèyàn jẹ́ iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé ó wọ ìkànnì ẹnikẹ́ni.

Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni agbára oníbàárà ti lé sí i. Google àti Yahoo gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn tó ń da lẹ́tà síta lọ́pọ̀ yanturu. Lọ́dọ̀ Google, ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ sínú Gmail bá tó 5,000 lóòjọ́ gbọ́dọ̀ fi bọ́tìnì tí èèyàn lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú ìpolówó rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yọ orúkọ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láàárín ọjọ́ méjì. Ó tún gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun gan-an ló kọ lẹ́tà tó gbé orúkọ òun. Lọ́dún 2025, Gmail fi ojú ìwé kan kún un, tó ń jẹ́ "Manage subscriptions", níbi tí gbogbo àwọn tó ń polówó sí èèyàn ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, èyí tó ń kọ̀wé jù ló wà lókè, kéèyàn lè yọ ara rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú 15 jókòó ti ojú ìwé yìí lẹ́ẹ̀kan yóò rí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ó yẹ kí èèyàn ṣọ́ra nídìí ohun kan. Báǹkì máa ń fi oríṣi lẹ́tà méjì ránṣẹ́: ọ̀kan jẹ́ ìpolówó, èkejì jẹ́ ìkìlọ̀ nípa owó tó wọlé tàbí tó jáde. Ìpolówó nìkan ni kí èèyàn kọ̀. Ẹni tó bá fi ìbínú dí gbogbo rẹ̀ pa lè má mọ ìgbà tí olè ń kó owó rẹ̀ lọ.

Àjèjì tí kò sẹ́ni tó pè é

Oríṣi kejì ni ẹni tí èèyàn kò mọ̀ rí, tí kò ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, tó kàn rí àdírẹ́sì rà lọ́jà. Lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, "Unsubscribe" tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tẹ̀, kò sì yẹ kéèyàn fèsì, ì báà jẹ́ èébú. Ìdí ni pé ẹni tó da lẹ́tà sí àdírẹ́sì mílíọ̀nù kan kò mọ èyí tí èèyàn ń lò àti èyí tó ti kú nínú wọn. Ẹni tó bá tẹ nǹkan tàbí tó fèsì ti sọ fún un pé èèyàn ń gbé inú ilé yìí. Iye tí wọ́n máa ta àdírẹ́sì náà lọ́jọ́ iwájú á gbówó lórí, lẹ́tà á sì máa pọ̀ sí i ni.

Ohun tó yẹ ni kí èèyàn tẹ "Report spam". Ọ̀pọ̀ rò pé bákan náà ni èyí rí pẹ̀lú pé kéèyàn pa lẹ́tà rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Asẹ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà àpótí í-meèlì, bí èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì, tó ń ya èérí sọ́tọ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún 2002, Paul Graham, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, kọ àlàyé kan tó di gbajúmọ̀ lórí bí asẹ́ náà ṣe lè fúnra rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́: kó máa ka bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń wáyé tó nínú lẹ́tà tí èèyàn fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́, kó sì máa fi ìṣirò mọ ibi tí lẹ́tà tuntun ń fì sí. Àwọn asẹ́ òde òní ti ga ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba lẹ́tà ni wọ́n ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá kàn pa lẹ́tà rẹ́ kò kọ́ asẹ́ náà ní nǹkan kan. Ẹni tó bá tẹ "Report spam" ti kọ́ ọ láti dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ó sì ṣe aládùúgbò rẹ̀ lóore.

Nínú ìlànà ọdún 2024 tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, Google sọ pé iye àwọn tó ń fi ẹni tó ń da lẹ́tà síta sùn kò gbọ́dọ̀ dé ìdá 0.3 nínú 100, ìyẹn ẹni mẹ́ta péré nínú ẹgbẹ̀rún kan. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà rẹ̀ máa bọ́ sínú àkìtàn tàbí kí wọ́n dá a padà. Nítorí náà, ìka ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo lágbára ju bó ṣe rò lọ. Àmọ́ ìdí yìí kan náà ló fi jẹ́ pé kò dára kéèyàn fi oníṣòwò tó fi ẹnu ara rẹ̀ pè sùn gẹ́gẹ́ bí àjèjì. "Unsubscribe" ló tọ́ sí ìyẹn. Bó bá wá kọ̀ tí kò yọ orúkọ kúrò, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ di àjèjì nìyẹn.

"Block" tún wà, èyí tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àdírẹ́sì kan. Ó wúlò fún ẹni tó ń lo àdírẹ́sì kan náà ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n àwọn àjèjì yìí máa ń pààrọ̀ àdírẹ́sì bí ẹni pààrọ̀ aṣọ, nítorí bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé e.

Oníjìbìtì tó wọ aṣọ oníṣòwò

Oríṣi kẹta ló burú jù. Òun kò ní ọjà kankan láti tà. Ó lè lo àmì báǹkì, ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù tàbí ilé ìtajà ńlá, kó ní òun ń ṣe ẹ̀dínwó, tàbí kó ní wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì èèyàn pa láàárín wákàtí 24. Ohun tó ń wá ni paswọ́ọ̀dù, nọ́ńbà káàdì, PIN, BVN tàbí nọ́ńbà ìdánilójú tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń tú àṣírí rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìkánjú: ó fẹ́ kí èèyàn ṣe é báyìí báyìí. Èkejì ni àdírẹ́sì tó ti kọ̀wé. Orúkọ tó hàn lè jẹ́ ti báǹkì, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tẹ orúkọ náà, àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á hàn pé kò bá a mu. Ẹ̀kẹta ni líǹkì tó fẹ́ kí èèyàn tẹ̀. Bí èèyàn bá fi ìka di líǹkì náà mú lórí fóònù láìtẹ̀ ẹ́ wọlé, ibi tó ń lọ gan-an á fara hàn.

Lọ́dọ̀ ẹni yìí, kò sí ohunkóhun nínú lẹ́tà rẹ̀ tó yẹ kéèyàn fọwọ́ kàn, àní "Unsubscribe" rẹ̀ pàápàá, nítorí ó lè jẹ́ pé ojú ìwé tí wọ́n ti ń jí paswọ́ọ̀dù ló máa gbé èèyàn lọ. "Report phishing" ni kí èèyàn tẹ̀ nínú Gmail. Àwọn tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣọwọ́ sí report@phishing.gov.uk, àdírẹ́sì tí ìjọba ibẹ̀ ṣí lọ́dún 2020 fún iṣẹ́ yìí nìkan. Bí ẹ̀rù bá ń ba èèyàn pé ó lè jẹ́ báǹkì òun ló kọ̀wé lóòótọ́, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ni kó pè, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà. Ẹni tó bá sì ti já sí pàkúté náà kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìtìjú dákẹ́: kó pe báǹkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n dá owó dúró, kó pààrọ̀ paswọ́ọ̀dù, kó sì ṣí ètò tó ń béèrè ẹ̀rí kejì kí ẹnikẹ́ni tó lè wọ inú í-meèlì rẹ̀.

Bí èèyàn ṣe lè tún àpótí rẹ̀ ṣe

Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti mọ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, ó kù kó gbá ilé. Ọ̀nà tó yá jù ni pé kó kọ ọ̀rọ̀ náà "unsubscribe" sí ibi tí wọ́n ti ń wá lẹ́tà nínú àpótí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ìpolówó ló máa tò wá síwájú rẹ̀. Nínú Gmail, ẹni tó bá kọ category:promotions older_than:1y yóò rí gbogbo ìpolówó tó ti ju ọdún kan lọ, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àyè tí wọ́n gbà kò ní í ṣófo lójú ẹsẹ̀, nítorí ọjọ́ 30 ni lẹ́tà tí wọ́n pa rẹ́ máa ń lò nínú ìdọ̀tí kó tó lọ pátápátá, àfi bí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ da ìdọ̀tí náà nù.

Èkejì ni pé kí èèyàn ní àdírẹ́sì méjì: ọ̀kan fún ẹbí, iṣẹ́ àti báǹkì, èkejì fún ọjà títà àti rírà. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣí òmíràn lè fi àmì àròpọ̀ àti ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ṣáájú àmì @, nígbà tó bá ń kọ àdírẹ́sì Gmail rẹ̀ fún ilé ìtajà kan, bíi +bata fún ẹni tó ń ta bàtà. Lẹ́tà náà á ṣì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àjèjì bá kọ̀wé sí àdírẹ́sì oní-+bata yẹn lọ́jọ́ kan, èèyàn á ti mọ ẹni tó tú àṣírí òun.

Ẹ̀kẹta ni àwòrán. Ọ̀pọ̀ ìpolówó ló ní àwòrán bíńtín kan tí ojú kò lè rí, tó jẹ́ pé bí lẹ́tà bá ti ṣí, àwòrán náà á lọ jíṣẹ́ fún ẹni tó fi í ránṣẹ́ pé wọ́n ti ka á. Nínú ètò Gmail, èèyàn lè sọ pé kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ òun kí wọ́n tó ṣí àwòrán. Àṣírí á bò, dátà á sì dínkù.

Ibi tí òfin dé

Òfin kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, òfin CAN-SPAM tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2003 kò sọ pé kí oníṣòwò gba àṣẹ kó tó kọ̀wé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ àdírẹ́sì ọ́fíìsì rẹ̀ síbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi àkọlé tan èèyàn jẹ, ó sì gbọ́dọ̀ yọ orúkọ ẹni tó bá kọ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti ọdún 2003 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí oníṣòwò gba ìyọ̀ǹda kó tó polówó sí í-meèlì ẹnikẹ́ni, àyàfi bó bá jẹ́ oníbàárà rẹ̀ ni, tí ọjà náà sì jọ èyí tó ti rà tẹ́lẹ̀, tó sì ń fún un láyè láti kọ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ní Nàìjíríà, abala 32 nínú òfin ọdún 2015 tó de ìwà ọ̀daràn orí ayélujára sọ pé ẹni tó bá ń da spam síta láti dí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí kó san náírà mílíọ̀nù 1, tàbí kó jẹ méjèèjì. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wá fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti sọ nígbàkígbà pé òun kò fẹ́ kí wọ́n fi ìsọfúnni òun polówó sí òun. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ etí ikún, èèyàn lè fẹjọ́ rẹ̀ sun àjọ Nigeria Data Protection Commission tí òfin náà dá sílẹ̀. Ohun tí yóò wúlò fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dà lẹ́tà tí èèyàn fi kọ̀ àti àwọn ìpolówó tó tún wọlé lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dé. Nọ́ńbà 2442 tí àjọ NCC ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù máa lò láti ọdún 2016, ọ̀rọ̀ ìpolówó tó ń wọlé bí tẹ́ẹ̀sì sórí fóònù ló wà fún. Kò kan í-meèlì.

Síbẹ̀, ẹni tó ní ọ́fíìsì tí wọ́n lè mú ìwé lọ bá nìkan ni òfin lè tètè ká lọ́wọ́ kò. Oníjìbìtì kò ka òfin sí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọwọ́ oníǹkan ni ààbò àkọ́kọ́ wà.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Asẹ́ tó ń mú èérí lè ṣèèṣì mú ògì pẹ̀lú. Lẹ́tà ìpè fún iṣẹ́, pàápàá láti ilé-iṣẹ́ tí kò tíì kọ̀wé sí èèyàn rí, lè bọ́ sínú àpótí spam, Gmail sì ń pa ohun tó bá wà níbẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30. Ó dára kí èèyàn máa yẹ ibẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pàápàá ẹni tó ń retí lẹ́tà, kó má ṣí líǹkì kankan níbẹ̀, kó kàn wo orúkọ. Bó bá rí èyí tó jẹ́ tirẹ̀, kó tẹ "Not spam". Lẹ́tà á padà sílé, asẹ́ náà á sì kọ́gbọ́n. Ẹni tó ń ṣe èyí, tó ń kọ̀ fún oníṣòwò, tó ń fi àjèjì sùn, tí kò sì fọwọ́ kan lẹ́tà oníjìbìtì, kì í ṣe pé ìpolówó kò ní í wá sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ láé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí lẹ́tà tó ń retí bá dé, yóò rí i kí ọjọ́ tó kọjá.